Omi Ló Ń Gbẹ, Iyọ̀ Kì í Gbẹ

Bí ọyẹ́ bá ti mú ní Kàbbà, ètè á bẹ́, ẹsẹ̀ á funfun, aṣọ tí èèyàn sá láàárọ̀ á ti gbẹ kánkán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Omi inú àpótí gíláàsì tí mo fi ń sin ẹja òkun àti iyùn náà máa ń mọ̀ pé ọyẹ́ dé. Bí mo bá fi máákà fa ìlà sára gíláàsì lónìí, tó bá fi máa di ọ̀tunla, omi á ti fi ìwọ̀n ìka kan sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ ìlà náà.

Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mo ṣe ohun tó jọ ọgbọ́n lójú mi. Mo ní omi iyọ̀ ló wà níbẹ̀, omi iyọ̀ ló dín, omi iyọ̀ náà ni kí n fi dí i. Bí mo bá ti rí i pé ó sọ̀ kalẹ̀, màá po iyọ̀ mọ́ omi nínú korobá, màá bù ú sí i. Kò pẹ́ tí edé mi fi kú. Ìràwọ̀ òkun tẹ̀ lé e. Àwọn iyùn ká ara wọn kò bí ẹni tó ń bínú. Bẹ́ẹ̀ omi ọ̀hún mọ́ gaara, ó mọ́ débi pé àlejò ń bá mi yọ̀ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú nìyẹn: iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi, ojú kì í rí i.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Èkó máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará Okun ni mí lóòótọ́, mo lọ gbé òkun wá sí pálọ̀. Okun tí àwa fi ń kí ara wa láti Kàbbà dé Mọ̀pà, dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, okun inú ni, agbára ni. Kò bá omi iyọ̀ tan. Àpáta àti odò ló yí wa ká. Ẹni tó bá fẹ́ sin iyùn níbí, àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ po òkun tirẹ̀.

Kí n tètè là á yé ẹni tí kò mọ̀: ẹran omi ni iyùn. Ẹran kéékèèké tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó èékánná ni wọ́n ń gbé pọ̀, tí wọ́n ń yọ kálísíọ̀mù inú omi, tí wọ́n fi ń mọ ilé líle bí òkúta sábẹ́ ara wọn. Iyùn pupa tí ọba àti ìyàwó ń so mọ́rùn, egungun irú ẹran bẹ́ẹ̀ ni. Irú tí à ń sìn nínú gíláàsì kì í ṣe oríṣi ti ìlẹ̀kẹ̀, ìbátan rẹ̀ ni. Nínú ẹran ara ọ̀pọ̀ wọn ni àwọn ewéko tí ojú kò lè rí fara pamọ́ sí. Ìmọ́lẹ̀ ni ewéko wọ̀nyí ń jẹ, wọ́n á sì pín oúnjẹ fún onílé. Nítorí náà iná ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n omi ni ìpìlẹ̀.

Ẹ lọ dúró ní Lọ́kọ́ja níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, kí ẹ bu omi náà tọ́ wò. Kò níyọ̀ lẹ́nu. Síbẹ̀ iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ó kàn kéré ju ohun tí ahọ́n lè mọ̀ lọ ni. Òjò tó ń rọ̀ sórí àpáta ń bó o lára díẹ̀díẹ̀, odò á gbé ohun tó bó dé òkun. Oòrùn á fa omi òkun sókè, á di ìkuukùu, ìkuukùu á sì tún rọ̀jò sórí òkè wa. Iyọ̀ kì í bá a gòkè. Láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún ni odò ti ń ru ẹrù yìí lọ, tí omi sì ń padà bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀ òkun náà dá kún un, ṣùgbọ́n ẹrù tí odò ń rù yìí ló tóbi jù nínú ìdí tí òkun fi níyọ̀.

Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, kìkì pé ti gíláàsì kì í gba mílíọ̀nù ọdún. Ọ̀sẹ̀ kan ọyẹ́ ti tó.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní àpótí yín gba lítà 100, tí iyọ̀ gíráàmù 35 wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo iyọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù 3,500. Ọyẹ́ wá gbé lítà 10 lọ. Iyọ̀ ṣì jẹ́ 3,500, àmọ́ lítà 90 ló ń rù ú báyìí. Ó di nǹkan bíi 38.9 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá bu lítà 10 omi tí kò níyọ̀ rárá sí i, ẹ padà sí 35 yín. Bí ẹ bá ṣe bí èmi ti ṣe, tí ẹ bu lítà 10 omi oníyọ̀ sí i, ẹ ti di gíráàmù 350 mìíràn lé ẹrù náà: àpótí kún, ojú rẹ̀ dùn ún wò, 38.5 sì ló wà níbẹ̀. Ẹ tún un ṣe títí di ìgbà mẹ́wàá, ó di 70. Ìlọ́po méjì òkun nìyẹn. Kò sí edé tó máa bá yín débẹ̀.

Kí ẹ má bàa gbọ́ mi lódì: iyọ̀ náà máa ń jáde, ó kàn jẹ́ pé kì í bá atẹ́gùn lọ ni. Bí omi bá ta sára ìdérí tó sì gbẹ, ẹ ó rí èèpá funfun níbẹ̀, iyọ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń fi hóró atẹ́gùn fa ìdọ̀tí jáde, tí wọ́n ń pè ní skimmer, náà máa ń bu omi oníyọ̀ díẹ̀ dànù. Bí ẹ bá sì bu omi jáde láti pààrọ̀ rẹ̀, iyọ̀ bá a lọ. Nítorí náà ẹni tí kò bá wọn omi rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lè bá a pé iyọ̀ ti dín dípò kó pọ̀. Òfin tí mo ń tẹ̀ lé rọrùn: èyí tó bá gbẹ, omi lásán ni màá fi dí i, èyí tí mo bá fọwọ́ ara mi bù dànù, omi oníyọ̀ ni màá fi rọ́pò rẹ̀.

Kí ló dé tí iyọ̀ tó pọ̀ jù fi ń pa wọ́n? Ẹ wo ewúro tí a bu iyọ̀ sí láti fi fọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ tí yóò fi rọ̀, tí omi ara rẹ̀ á máa ṣàn jáde. Ibi tí iyọ̀ bá pọ̀ sí ni omi máa ń wọ́ lọ. Ẹja òkun lè bá èyí jà: ó ń mu omi òkun, ó sì ń fi èyí tó pọ̀ nínú iyọ̀ náà ta jáde láti ibi ìjàgbọ̀n rẹ̀ tó fi ń mí. Iyùn, ìràwọ̀ òkun àti ọ̀pọ̀ ẹran tí kò léegun ẹ̀yìn kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lára. Bí omi tó yí wọn ká bá ti rí, bẹ́ẹ̀ ni inú wọn ṣe máa rí. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi lè máa yan fanda kiri nínú àpótí tí edé àti iyùn ti ń kú, tí onílé á sì rò pé àìsàn ló ṣe wọ́n.

Ẹnì kan ti bi mí pé iyùn tó wà ní Òkun Pupa ńkọ́, níbi tí iyọ̀ ti tó bíi 40. Òótọ́ ni, iyùn pọ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn wà, 40 ọ̀hún sì dúró sójú kan. Tiyín tó wà ní 35 lánàá tó di 39 lọ́sẹ̀ yìí, ìyípadà yẹn ló ń pa á.

Ọ̀rọ̀ wíwọ̀n ló tún kàn, ibẹ̀ sì ni ó ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé 35, ẹlòmíràn á ní 1.026. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ó dà bí ẹni tó ní gààrí mudu kan àti ẹni tó gbé gààrí kan náà sórí òṣùwọ̀n. 35 túmọ̀ sí pé nínú omi òkun kílógíráàmù kan, iyọ̀ jẹ́ gíráàmù 35. 1.026 túmọ̀ sí pé bí ẹ bá bu omi náà kún ife kan, tí ẹ bu omi lásán kún irú ife kan náà, ti oníyọ̀ á fi ìdá 26 nínú 1,000 wúwo jù ú lọ. Láàárín 1.024 àti 1.026 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin iyùn ń gbé e sí. Ooru máa ń yí ìwọ̀n kejì yìí padà, torí náà nígbà tí omi bá wà ní nǹkan bíi dígírì 25 ni kí ẹ wọ̀n ọ́. (Ẹnì kan ní ẹyin adìyẹ ni òun fi ń wọn tòun, pé bí ó bá ti léfòó, omi ti di òkun. Ẹyin tútù rì sínú omi òkun o. Omi tí ó bá gbé e léfòó ti níyọ̀ kọjá ààlà.)

Irinṣẹ́ méjì ló wọ́pọ̀. Hydrometer jẹ́ ike kékeré tó ní ọwọ́ kan tó ń lọ sókè sódò. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ bí hóró atẹ́gùn kan bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà, irọ́ ló máa pa fún yín. Ẹ gbọ̀n ọ́n kúrò kí ẹ tó kà á. Refractometer ni èmi ń lò: ẹ kán omi sí ojú gíláàsì rẹ̀, ẹ dé e, ẹ dúró fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ kọjú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ibi tí àwọ̀ búlúù ti pàdé funfun. Òun náà máa ń yà bàrá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi omi lásán tún un ṣe, kó lè dúró sí òdo. Ó dáa, àmọ́ ẹni tí kò ṣìnà ní òdo lè ṣìnà ní 35, torí náà ẹ ra ìgò kékeré omi òṣùwọ̀n tí wọ́n ti po sí 35 gẹ́lẹ́, òun ni kí ẹ fi dán an wò. Nínú gbogbo owó tí mo ti ná sórí iṣẹ́ yìí, ìgò yẹn ni kò dùn mí rárá.

Iyọ̀ wo wá ni? Iyọ̀ ọbẹ̀ kọ́. Ọ̀tọ̀ ni iyọ̀ ọbẹ̀, sódíọ̀mù àti kílórínì nìkan ni, pẹ̀lú áyódíìnì tí wọ́n ń fi sí i lórílẹ̀-èdè wa nítorí gègè. Nínú iyọ̀ òkun, méjèèjì yẹn kó bíi 85 nínú 100. Èyí tó kù ni magnésíọ̀mù, sọ́féètì, kálísíọ̀mù, pọtásíọ̀mù àti àwọn wẹ́wẹ́ mìíràn. Iyùn tó fẹ́ kọ́lé nínú omi iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní rí búlọ́ọ̀kù. Iyọ̀ tí wọ́n dìídì pò fún iyùn ni kí ẹ rà. Láti Èkó ni tèmi ń wá, kò sì jù bíi gíráàmù 35 sí 40 sínú lítà omi kan. Inú omi ni kí ẹ da iyọ̀ sí, ẹ má da omi lé iyọ̀ lórí, torí ó lè dì, kí kálísíọ̀mù rẹ̀ sì rọ̀ sílẹ̀ bí ẹfun. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù máa rò ó fún wákàtí mélòó kan nínú korobá ọ̀tọ̀. Ẹ má ṣe pò ó nínú àpótí tí ẹran wà láéláé.

Ẹni tó bá ń lọ sí Èkó ti ní kí òun bá mi bu omi òkun bọ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Mo dúpẹ́, mo kọ̀. Ìdọ̀tí ìlú ńlá wà nínú omi etíkun, omi ọ̀sà àti odò sì ń tú sí i, pàápàá nígbà òjò. 

Ti omi lásán tí a fi ń pò ó, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ fún àwa ará òkè yìí. Omi kànga ẹ̀rọ wa ti gba inú àpáta kọjá, ó ti kó nǹkan dání. Bó bá gbẹ nínú àpótí, àwọn nǹkan wọ̀nyẹn náà kì í gbẹ, wọ́n ń jókòó lé ara wọn lórí bí iyọ̀ ṣe ń ṣe. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, tó ń bo òkúta fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibẹ̀ ló ti ń wá. Omi òjò tó gba orí páànù bọ̀ ti fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ dání. Píọ̀ wọ́tà ńkọ́? Ó dára fún ẹnu wa, àmọ́ mímọ́ fún mímu yàtọ̀ sí òfìfo. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní TDS mítà. Ẹ tì í bọ omi, ó máa sọ iye ohun tó yọ́ sínú rẹ̀. Òdo ni à ń wá. Mo ti wọn píọ̀ wọ́tà oríṣiríṣi níbí, kò sí èyí tó fún mi ní òdo. Ẹ̀rọ RO, tó ń fi agbára ti omi gba inú asẹ́ tó dí gan-an, pẹ̀lú asẹ́ kejì tó ń tẹ̀ lé e, ni ó lè dé ibẹ̀. Ẹ sì ṣọ́ra fún kọ́pà: páìpù tàbí oògùn ẹja tó bá ní in, díẹ̀ rẹ̀ pàápàá lè di májèlé fún iyùn àti edé.

Ìyókù ọ̀rọ̀ omi kò le tó bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń di amóníà, oró gidi. Àwọn baktéríà kan ń jẹ ẹ́, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà lóró. Àwọn mìíràn ń jẹ ìyẹn, wọ́n ń sọ ọ́ di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ara òkúta ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Àpótí tuntun tí ẹ kó ẹja sí lọ́jọ́ kejì, ibojì ni. Lẹ́yìn náà, amóníà àti náítíráìtì gbọ́dọ̀ wà ní òdo. Náítíréètì lè wà ní ìwọ̀nba, kódà iyùn ń fẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ń pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó sì ti tó mi.

Kálísíọ̀mù àárín mílígíráàmù 400 sí 450 nínú lítà kan, dKH (ìwọ̀n káboníétì inú omi) ní nǹkan bíi 8 sí 9, magnésíọ̀mù nítòsí mílígíráàmù 1,300 nínú lítà kan: ohun èlò ìkọ́lé iyùn nìyí. Bí iyọ̀ yín kò bá tọ́, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa tọ́, torí wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀ ni. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ wọn iyọ̀ kí ẹ tó ra oògùn kankan nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó ń da ìgò lé ìgò torí kálísíọ̀mù rẹ̀ dín, nígbà tó jẹ́ pé 30 ni iyọ̀ omi rẹ̀ wà.

Ọyẹ́ ní ọgbọ́n burúkú mìíràn. Nítorí òtútù àti eruku, a máa ń ti fèrèsé pa. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo ilé mí sínú yàrá á wọ inú omi, pH, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí omi ṣe kan sí, á sì já wálẹ̀ láti 8.2 lọ sí 7.8. Ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ ní ọ̀sán, ó máa gòkè fúnra rẹ̀ láìná kọ́bọ̀.

Tó bá di oṣù Ẹrẹ́nà, ọ̀ràn yí padà, ooru ló kù. Dígírì 24 sí 27 ni iyùn fẹ́. Bí ó bá pẹ́ nínú ooru tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń lé ewéko inú ara rẹ̀ jáde, á funfun báláú. Fáànù kékeré tó ń fẹ́ sójú omi máa ń tù ú lára, ó lè mú dígírì méjì tàbí mẹ́ta kúrò. Ṣé ẹ ti mọ bó ṣe ń ṣe é? Ó ń gbẹ omi ni. Fáànù yín ti di ọyẹ́ àtọwọ́dá nìyẹn, ẹ tún ti padà sídìí ìlà máákà. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ, pọ́ǹpù dúró, omi kò gba atẹ́gùn mọ́. Ẹ̀rọ atẹ́gùn kékeré oníbátìrì ló ti yọ mí ju jẹnẹrétọ̀ lọ, torí òun kì í béèrè epo ní òru.

Àwọn tó lówó máa ń so bọ́ọ̀lù mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, bíi ti inú táǹkì ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí omi lásán máa já sí i fúnra rẹ̀. Ó dára gan-an. Àmọ́ kẹ́ẹ̀gì kékeré ni kí ẹ so mọ́ ọn, ẹ má so ó mọ́ táǹkì orí òrùlé. Bí bọ́ọ̀lù bá há, lítà márùn-ún kò ní pa wọ́n. Lítà ẹgbẹ̀rún á sọ òkun yín di Ọya.

Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n lónìí tí ẹ bá 38.5 nínú àpótí lítà 100 tó kún dé ojú ìlà, ẹ má sáré. Ẹ bu lítà 3 jáde, kí ẹ fi omi lásán lítà 3 rọ́pò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ tún un ṣe lọ́la àti lọ́tunla, ẹ ó bá a ní nǹkan bíi 35.1. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ṣe é, torí ìyípadà òjijì kò sàn ju iyọ̀ àpọ̀jù lọ.

Ìlà máákà mi ṣì wà lára gíláàsì. Kẹ́ẹ̀gì omi lásán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ̀sán tòru, mo sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí i lára pé MÁ PO IYỌ̀ SÍ I, nítorí àwọn ọmọ tó máa ń fẹ́ bá mi ṣe iṣẹ́ nígbà tí mi ò bá sí nílé.